Ilà Pélé Lábẹ́ Pákó Ọmọ Onílẹ̀

Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Òṣogbo, ìbéèrè mẹ́ta péré ni wọ́n ń bi mí. Ṣé òtútù ibẹ̀ ń pààyàn? Ṣé mo fojú kan Ọbabìnrin? Ṣé lóòótọ́ ni òyìnbó ń bá ajá sùn lórí ibùsùn? Ó dáa. Òtútù ibẹ̀ kò pa mí, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú. Ọbabìnrin kò ránṣẹ́ pè mí. Ti ajá, òótọ́ ni. Ìyá onílé mi ní ọ̀kan tó ń jẹ ẹran nígbà tí èmi ń jẹ ọ̀dùnkún. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an, kò sẹ́ni tó bi mí rí: bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò níbẹ̀, àti bí káàdì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí pé ìyá mi kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Káfíńtà ni mí. Iléṣà ni bàbá mi ti wá, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, káfíńtà lòun náà kó tó kú. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ilé ìyá mi, Ọ̀ṣun ni wọ́n sì ń bọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mò ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, mo ń tẹ̀ lé ìyá mi lọ sódò, bàbá mi á sì ṣe bí ẹni tí kò rí wa. Ìjẹ̀ṣà ni mí lójú àwọn ará Òṣogbo, ará Òṣogbo ni mí lójú àwọn Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó jẹ́ àlejò nílé bàbá rẹ̀ àti nílé ìyá rẹ̀, ta ló tún kù tó máa fi àlejò ṣíṣe dẹ́rù bà á? Mo rò bẹ́ẹ̀ o.

Ohun méjì ni mo mú kúrò nílé. Bàbá mi kọ́ mi pé bí káfíńtà bá parí iṣẹ́, kó yí i dé, kó fi ọ̀bẹ gbẹ́ àmì tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú kò ti ní tètè rí i. Ilà ojú wa ni àmì tiwa, pélé mẹ́ta kéékèèké tó dúró ṣánṣán. "Ojú rẹ nìyẹn," ni bàbá mi máa ń wí. "Bí iṣẹ́ náà bá wó, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa bú." Ìyá mi ní tirẹ̀ kọ́ mi pé bí èrò ọdún bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ, tí ìlù ń dún, tí wọ́n gbé ohun tí wọ́n ń bọ dání, o kò gbọdọ̀ jókòó kí o máa wò wọ́n níran. Wàá dìde, wàá bá wọn rìn díẹ̀, wàá sì padà. Kò di dandan kí o mọ orin wọn. Àpọ́nlé ni. Ohun méjèèjì yìí ló kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́, ohun méjèèjì náà ló sì yọ mí.

Ibi tí wọn kì í ti í kíni

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, mo fo ìyẹn. Èébì ni mo ń bì láti Èkó títí a fi dé, kò sì sí ohun tó ṣàrà nínú èébì. Ní èbúté Lífápù, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu kì í ṣe ilé gogoro. Òyìnbó tó ru ẹrù ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo òyìnbó tí mo ti rí nílé, bí wọn kò bá máa pàṣẹ, wọ́n á máa wàásù. N kò rí èyí tí bàtà rẹ̀ lanu rí. Eléyìí gbé àpótí mi lé èjìká, ó ń pè mí ní "sà", ó ń retí kí n fún un ní nǹkan. Díẹ̀ ló kù kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ru ẹrù mi fúnra mi. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ń rán sí wa nílé, àṣàyàn ni wọ́n. Àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ bíi tiwa, iṣẹ́ ń wọ̀ wọ́n lára bíi tiwa.

Ìlú tí mo lọ gbé, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ṣì ń retí lẹ́tà láti ibẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, mo kí gbogbo wọn káàárọ̀. Gbogbo wọn wo bàtà wọn. Mo tún un kí, mo gbé ohùn sókè, mo rò pé ariwo ẹ́ńjìnnì ni. Ìyá àgbà kan dìde, ó lọ jókòó síwájú. Mo ní àbí èèyàn wọn kan ló kú tí wọn kò tíì sọ fún mi?

Mo wá yàrá. Wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé yàrá wà, àmọ́ àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Èmi kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nílé wa, onílé tí kò bá fẹ́ ọ á fún ọ lómi mu, á béèrè àlàáfíà ìyá rẹ, á ní kí o padà wá lọ́la, títí gìgísẹ̀ bàtà rẹ á fi jẹ tán. Àwọn yìí kọ ọ́ síwèé, o rí i láti títì, o kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka èyí tó jẹ́ ìkẹwàá, ọpẹ́ tán lẹ́nu mi. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, omijé ń bọ́ lójú mi, àgbàlagbà bíi tèmi.

Opó kan tí wọ́n ń pè ní Mísísì Bọ́ọ̀tù ló gbà mí nígbẹ̀yìn. Ogun ló pa ọkọ rẹ̀. Mo bi í pé èé ṣe tí òun kò lẹ ìwé mọ́ fèrèsé. Ó ní òun kò ní gọ́ọ̀mù. Ọ̀dùnkún ló ń sè láàárọ̀, ọ̀dùnkún lálẹ́. Lọ́jọ́ kan mo bá a gún un nínú ìkòkò títí ó fi lẹ̀, mo fọwọ́ bù ú, mo tì í bọ ọbẹ̀ ẹran. Ó wò mí títí.

"Sámù, ṣé ẹ kò ní fọ́ọ̀kì nílùú yín ni?"

"A ní fọ́ọ̀kì, mà. Iyán ni ẹ̀yin kò ní."

Lọ́jọ́ kejì ó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bu òkèlè kan, ó ní kò burú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé mo ti délé.

Arákùnrin Álífù àti Rẹ́jì

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ríṣẹ́, ara lọ́rì ni wọ́n ń kàn níbẹ̀: pákó ẹ̀gbẹ́, pákó ilẹ̀, pákó ẹ̀yìn. Òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tí kò bá ní káàdì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ayùn. Bí káàdì rẹ bá bọ́, iṣẹ́ bọ́. Bí iṣẹ́ mi bá sì bọ́, ilé ni mò ń padà bọ̀ pẹ̀lú ìtìjú, èmi tí ìyá mi ta aṣọ òfì ìgbéyàwó rẹ̀ kí n tó wọkọ̀. Káàdì pẹlẹbẹ yẹn ni gbogbo ayé mi. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mò ń fi í sí sùn.

Ẹni tó fún mi ni Mísítà Álífù, akọ̀wé ẹgbẹ́, arúgbó tí irun imú rẹ̀ pọ̀ ju ti orí lọ. Nígbà tó nà án sí mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó sáré bẹ̀rẹ̀, ó ń wo abẹ́ tábìlì, ó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. "Arákùnrin" ni wọ́n ń pe ara wọn nínú ẹgbẹ́ náà, bí ẹni pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, ṣùgbọ́n òkè ilé ọtí ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Bàbá mi ì bá má dákẹ́ sí i.

Èmi àti Rẹ́jì la jọ ń ṣiṣẹ́ lórí pákó kan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Rẹ́jì. Òun ló ń bu tíì fún mi, òun ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń we aṣọ mọ́ etí nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n ó ti wọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan nílùú náà. Orúkọ wọn gùn lédè wọn. Ọmọ Onílẹ̀ lèmi sọ wọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kò ju ìyẹn lọ: àwa la nilẹ̀, kí àlejò máa lọ. Àlejò ló gba ilé wọn, àlejò ló gba iṣẹ́ wọn, n kò mọ̀ bóyá àlejò náà ló ń jẹ́ kí òjò wọn máa rọ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ń fẹ́ alágbára kan ṣoṣo tí á máa pàṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò ní fèsì.

"Kì í ṣe ìwọ là ń bá wí, Sámù," ni Rẹ́jì máa ń sọ fún mi. "Ìwọ dáa. Àwọn yòókù ni."

"Àwọn yòókù wo? Èmi nìkan ni dúdú tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí."

Á ronú sí i. Á ní, "Ṣé o rí i báyìí? Wọ́n á wá."

N kò bínú sí i. Bí ẹnì kan bá ń bu tíì fún ọ, ó máa ń pẹ́ kí o tó gbọ́ ohun tó ń sọ. N kò sì rí ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sójú rí. Rẹ́jì kò sọ fún mi pé wọ́n ń lùlù.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí èmi àti Rẹ́jì ṣe pákó ẹ̀yìn tuntun sí lọ́rì tirẹ̀ gan-an, èyí tó fi ń kó igi. A ṣe é, ó dára. Rẹ́jì bá mi gbé e dání, mo gbẹ́ pélé mi sí abẹ́ etí rẹ̀. Ó ní, "Kí lò ń họ síbẹ̀?" Mo ní ojú mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn sàn ju ojú mi lọ.

Ọdún àwọn aláṣọ dúdú

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo jókòó sí ẹnu fèrèsé pẹ̀lú Mísísì Bọ́ọ̀tù. Mo gbọ́ ìlù. Ìlù o, nílùú tí wọn kì í ti í kíni! Mo yọjú. Àwọn ọkùnrin ló ń bọ̀ ní ẹsẹẹsẹ, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù dúdú, wọ́n gbé àsíá ńláńlá ṣáájú, afunfèrè wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ń ju áńkáṣíìfù. Ayọ̀ kún inú mi. Mo ní, "Háà! Àwọn èèyàn yìí náà ní ọdún!"

Mo gbé fìlà òfì mi dé, mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Mísísì Bọ́ọ̀tù ń kígbe lẹ́yìn mi, "Sámù, má lọ! Sámù!" Mo rò pé òtútù ló ń bà á lẹ́rù fún mi, ni mo bá padà mú aṣọ ọrùn mi, mo sì jáde.

Mo bọ́ sí ìlà ẹ̀yìn, mo kí wọn kú ọdún. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí, wọ́n sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún mi. Ẹ wo àpọ́nlé! Mo tẹ̀ síwájú. Ìlà kejì náà yà fún mi. Bí mo ṣe ń lọ ni wọ́n ń là, àwọn kan ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè fún mi láyè. Nílé, ìjòyè nìkan la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Onílù ṣi ẹsẹ̀ gbé, afunfèrè dákẹ́, gbogbo ìtò tó gún régé lẹ́ẹ̀kan di ìrìn ewúrẹ́. Àwọn ọmọdé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń yí mọ́lẹ̀ fún ẹ̀rín. Lódìkejì títì, mo rí àwọn kan tí wọ́n gbé pátákó dání, tí wọ́n ń pariwo sí wa, mo rò pé ilé kejì tó ń bá wọn ṣọdún ni. Mo juwọ́ sí wọn. Mo rí Mísítà Álífù láàárín wọn. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò juwọ́ padà.

Mo débi àsíá. Ta ló rù ú? Rẹ́jì! Òógùn bò ó. Inú mi dùn láti rí ojú tí mo mọ̀. Nílé wa, bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá ru nǹkan tó wúwo níwájú rẹ, o kì í kàn máa wò ó. Mo di igi àsíá náà mú, mo ní, "Rẹ́jì, kú ọdún o! Jẹ́ kí n bá ọ gbé e."

"Sámù," ni Rẹ́jì sọ láàárín eyín, "fi sílẹ̀. Nítorí Ọlọ́run, fi sílẹ̀."

Mo rò pé ó ń ṣàánú mi ni. Mo dì í mú gírí. Oníwèé ìròyìn kan bọ́ síwájú wa, ó ya wá ní fọ́tò, èmi àti Rẹ́jì, ọwọ́ mẹ́rin lórí igi àsíá kan, èmi ń rẹ́rìn-ín, òun ń wo ọ̀run.

Báyìí la dé pápá kan. Lọ́rì kan wà níbẹ̀, wọ́n fi àsíá bo ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì, wọ́n da pákó ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ lórí ṣéènì kó di pèpéle. Ọ̀gá àgbà wọn gòkè, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí kígbe. Ìgbà yẹn lẹnì kan fi ìgúnpá gbún mi, fìlà mi já bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú un, mo gbójú sókè, mo rí abẹ́ pákó náà. Pélé mẹ́ta. Ojú èmi fúnra mi ló ń wò mí.

Lókè, ọ̀gá wọn ń sọ pé, "Àwọn àjèjì wọ̀nyí, kí ni wọ́n kọ́ sí ilẹ̀ wa? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe rí?" Ó ń fi gìgísẹ̀ lu pákó mi bó ṣe ń sọ ọ́. Pákó náà kò mì. Mo ṣe é dáadáa.

Mo fa Rẹ́jì láṣọ. "Rẹ́jì, wò ó! Pákó wa nìyí. Lọ́rì ọ̀gá wa nìyí." Rẹ́jì bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ lókè sì ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀, nítorí ọwọ́ tó ń nà, èmi ló ń nà án sí. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ni. Kò sí ẹlòmíràn. Ọlọ́pàá kan di apá mi mú, ó fà mí kúrò.

"Ṣé o wà pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí ni?"

"Rárá, sà. Mo kàn bá wọn ṣọdún ni."

Ó bọ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó nu ojú, ó sì mú mi délé fún Mísísì Bọ́ọ̀tù.

Ọ̀bẹ méjì

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, fọ́tò wa wà nínú ìwé ìròyìn. Ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀sán dé, Mísítà Álífù pè mí sẹ́yìn àkójọ igi. Mo rí i pé inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an.

"Arákùnrin Sámù, o mọ àwọn tí o bá rìn?"

Mo ní n kò mọ̀ wọ́n dáadáa. Ó jókòó lórí pákó, ó tú u fún mi. Òun bá irú wọn jagun lókè òkun, ó ní ìbọn ló fi kọ́ ohun tó mọ̀ nípa wọn. Ibi tí wọ́n bá ti gbàjọba, ilé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ tì pa, wọ́n á kó àwọn akọ̀wé sẹ́wọ̀n, ẹni tó bá yanṣẹ́ lódì á dọ̀tá ìlú.

"Ẹni tó fẹ́ kí ọ̀gá kan ṣoṣo máa pàṣẹ fún orílẹ̀-èdè," ló wí, "ṣé á wá jẹ́ kí káfíńtà jókòó sí tábìlì kan náà pẹ̀lú ọ̀gá tirẹ̀ kó ní, 'Sà, a kò gbà'?"

Mo sọ fún un pé ìyá mi ló ní kí n máa bá èrò rìn. Ó wò mí bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó ní ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, kí n lọ sọ ọ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ fún Tọ́sìdeè náà, orí mi sì ni méjèèjì dá lé. Àwọn ẹgbẹ́ Rẹ́jì kọ̀wé pé kí wọ́n má ṣe fún aláwọ̀ dúdú ní káàdì mọ́, kí wọ́n sì gba èyí tó wà nílẹ̀. Àwọn alátakò wọn kọ̀wé pé Arákùnrin Sámù ru àsíá ọ̀tá òṣìṣẹ́ láàárín ìgboro, kí wọ́n gba káàdì rẹ̀. Ẹ gbà mí! Ọmọ Onílẹ̀ ní kí n máa lọ nítorí mo dúdú, àwọn tó kórìíra Ọmọ Onílẹ̀ ní kí n máa lọ nítorí mo jẹ́ Ọmọ Onílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ mi tó báyìí.

Òkè ilé ọtí

Wọ́n ní kí n dìde kí n sọ tẹnu mi. Káàdì wà nínú àpò àyà mi, mo fọwọ́ lé e. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní nílùú ìyá mi, bí wọ́n bá ń gbé òrìṣà kọjá, kò sí ẹni tó ń jókòó. Mo ní mo rò pé ọdún ìlú yín ni, mo fẹ́ fi hàn pé ilé rere ni mo ti wá. Mo ní wọ́n yà fún mi, mo rò pé wọ́n ń pọ́n mi lé ni.

Ẹnì kan ló kọ́kọ́ pọ bíà tó wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ilé wó fún ẹ̀rín. Wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń nu ojú. Ọ̀kan ní àwọn ti ń gbé pátákó tako àwọn aláṣọ dúdú láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ìlà wọn kò wọ́ rí, Sámù kan ṣoṣo dé fìlà, ó tú wọn ká. Rẹ́jì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mísítà Álífù ní kí n jókòó, mo ní ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní, "Mo rí lọ́rì ọ̀gá wa níbẹ̀. Orí pákó tí èmi àti Rẹ́jì ṣe ni ọ̀gá wọn dúró lé."

Wọ́n gbé ife bíà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀gá sọ fún ẹgbẹ́ pé owó kò sí láti fi kún owó iṣẹ́ wa, pé epo lọ́rì gan-an ti wọ́n jù. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní irọ́ ni, pé lọ́rì jọ lọ́rì.

"Mo gbẹ́ ojú mi sí abẹ́ rẹ̀," ni mo wí. "Rẹ́jì ló bá mi dì í mú."

Mísítà Álífù yíjú sí Rẹ́jì. "Arákùnrin, ṣé òótọ́ ni?"

Rẹ́jì lè ní òun kò mọ̀. Ta ni ìbá yẹ̀ ẹ́ wò? Ó dìde, ó wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Lọ́rì ọ̀gá ni," ló wí. "Mo rí àmì náà fúnra mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé òun ló ń gbọ́ bùkátà wa." Ó sì jókòó.

Mísítà Álífù kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Bí ẹ bá gba káàdì Sámù lónìí, ṣé ẹ rò pé ọ̀gá á jẹ́ kó lọ? Á gbà á padà láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, láìní káàdì, iye tó bá wù ú ni á máa san fún un. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á pe ìwọ náà, á ní, 'Sámù ń gba iye báyìí, kí ló dé tí tìrẹ fi pọ̀?' Ìdí tó fi ń ra epo sí lọ́rì fún wọn nìyẹn." Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, àjà ló wà fún ìyàwó. Arúgbó yìí kò gbọ́ Yorùbá rí, ohun tó ń sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ mẹ́ta péré la fi borí. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ tó dùn ti parí iṣẹ́. Àwọn kan bá mi rẹ́rìn-ín tán, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún nu omijé ẹ̀rín, wọ́n sì na ọwọ́ ọ̀tún náà sókè pé kí n máa lọ. Mo rí wọn, mo mọ orúkọ wọn, ó sì dùn mí títí dòní. Rẹ́jì kò na ọwọ́ kankan, ní ìhà méjèèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bu tíì fún mi. Báàjì Ọmọ Onílẹ̀ ti kúrò lára kóòtù rẹ̀. Ó di etí pákó mú, ó ní, "Gbé tìrẹ sókè díẹ̀, Sámù, ó ń wọ́."

Òṣogbo

Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó padà wálé. Nígbà tí mo dé, ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà Òṣogbo pè mí pé kí n wá sọ ohun tójú mi rí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Ọ̀ṣúnlékè, ni alága. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ló ti kọ́ṣẹ́, àga ńlá tí bàbá mi kàn fún ẹgbẹ́ ló sì ń jókòó lé ṣèpàdé. Mo sọ ìtàn yìí fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀rín pa wọ́n. Bàbá Ọ̀ṣúnlékè rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Òyìnbó mà gọ̀ o!" ló ń wí. "Àlejò ṣe pákó fún wọn, wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n ń bú àlejò!" Àwọn Ìjẹ̀ṣà méjì kan tí wọ́n jókòó sẹ́yìn bá wa rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ni wọ́n, wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n ti Iléṣà dé.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, akọ̀wé ka ọ̀rọ̀ tó kù nílẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ti pọ̀ jù ní àwọn ibùsọ̀ káfíńtà lẹ́bàá tésàn rélùwéè. Wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ìlú. Kí ẹgbẹ́ lé wọn padà sí Iléṣà.

Bàbá Ọ̀ṣúnlékè ní òun gba ìyẹn wọlé. Ó ní, "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ló ti ń múná roko. Kí wọ́n máa múná wọn lọ." Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu kan náà ni. Mo ní, "Bàbá, Ìjẹ̀ṣà lèmi náà."

"Háà, ọmọ mi!" ló wí, ó sì fi ìfẹ́ wò mí, mo lè búra. "Kì í ṣe ìwọ là ń bá wí. Ìwọ tiwa ni. Àwọn yòókù ni."

Inú bí mi, mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ bi wọ́n pé àwọn tó tẹ ìlú yìí dó, ṣé kì í ṣe Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti wá? Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, wọ́n ń kọ ọ́ lórin. Èèyàn kì í fi ohun tí ìlú ń kọ lórin yí ìlú lọ́kàn padà. Mo dìde, mo lọ síwájú, mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ dìde díẹ̀."

"Kí n dìde kí n ṣe kí ni?"

"Mo fẹ́ yí àga yẹn dé."

Òun ló bá bàbá mi gbé e dání lọ́jọ́ tó gbẹ́ ilà ojú Ìjẹ̀ṣà sábẹ́ rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún mi nígbà èwe mi, ó ń fi yangàn. Ó wo ọwọ́ àga náà, ọ̀tún àti òsì. Ó sì di méjèèjì mú.

"Má yí i dé," ló wí jẹ́jẹ́.

Akọ̀wé wúkọ́. Ó ní ṣé kí àwọn tó fara mọ́ ọn na ọwọ́. Wọ́n ń wo alága. Alága kò na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò ráàyè. Kò sẹ́ni tó na tirẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, a sì tú ká.

Lóde, àwọn Ìjẹ̀ṣà méjèèjì ń dúró dè mí. Èyí tó dàgbà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká wá síṣẹ́ lọ́la?"

Mo ní kí wọ́n wá. Mo wá rí i pé n kò mú fìlà mi, ni mo bá padà wọlé. Gbogbo ènìyàn ti lọ. Bàbá Ọ̀ṣúnlékè ṣì jókòó sórí àga bàbá mi, ó ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú.